Ìdòwú Onílẹ̀kùn Méjì

Agbẹ̀bí ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn ti pọ̀ débi pé kò lè rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò kí ìyá kan má nàka sí i, kó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Wò ó, ẹni tó kọ́kọ́ gbá ẹ nídìí láyé nìyẹn." Ìyá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí òun náà bímọ, méjì ló bí, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ni ọkọ̀ kan bá kọjá. Ọkọ̀ eré ni, láti Ítálì, onílẹ̀kùn méjì, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Ó ta omi ẹrẹ̀ sí i láṣọ. Ẹlòmíì á ti ṣépè, àmọ́ ńṣe lòun tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀ náà títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀, tó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn tí kò rí i mọ́. Ó ní ohùn náà kì í ṣe ariwo rárá, pé ó dà bí ìgbà tí ẹni tó mọ orin kọ bá ń kùn ún lábẹ́ ahọ́n. Bọ́ọ̀sì tó ń dúró dè wá, ó kún, ó lọ. Kò mọ̀.

Ayé wá gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Iṣẹ́ dé, ọkọ dé, ìbejì dé. Ọkọ̀ tí wọ́n ní nílé jẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin aláwọ̀ eérú kan tó ń gbé ọmọ, tó ń gbé ẹrù, tí kò sì ní nǹkan kan í sọ. Nígbà tí àwọn ìbejì parí ẹ̀kọ́, tí oníkálukú gba ìlú iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ilé wá pa rọ́rọ́. Àsìkò yẹn ló lọ tọ́jú ìkókó kan nílé opó kan tó jẹ́ ìyá-ìyá ọmọ náà. Opó yìí ń ṣàròyé pé òun ò ríbi kó ẹrù ọmọ sí nítorí gáréèjì òun kún.

"Kí ló kún un, Mà?" ni Ìyá Ìbejì bi í, ó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ olóògbé ọkọ mi ni. Ọkọ̀ Ítálì kan báyìí, tí ò ní ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Àtìgbà tó ti kú, ẹnì kan ò ṣí aṣọ lórí ẹ̀."

Ìyá Ìbejì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé díẹ̀ ló kù kí òun gbé ọmọ jù sílẹ̀.

Wọ́n jọ lọ sí gáréèjì, wọ́n ká aṣọ kúrò. Àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà, ó ṣókùnkùn bí ìgò. Eruku bò ó, eku ti tẹ́ ìtẹ́ sórí ìjókòó ẹ̀yìn kékeré tó ní, gbogbo táyà rẹ̀ sì ti wó lulẹ̀. Agbẹ̀bí wa gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń gbé e lé ikùn aboyún. Opó náà wò ó títí.

"Ẹ gbé e," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ kò ju kó máa rìn lọ. Kò fẹ́ràn àtimáa jókòó, bí ẹni tó ni ín."

Báyìí ni ọkọ̀ akẹ́rù ṣe fa á wálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ Ìyá Ìbejì, tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé gíga, ẹni gíga bí òpó iná, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́.

"Ìyá Ìbejì, kí lèyí?"

"Ọkọ̀ ni, Bàbá Ìbejì."

"Mo rí i pé ọkọ̀ ni. Ta ló ni ín?"

"Àwa la ni ín."

Ọ̀gbẹ́ni yí i po. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ká ara rẹ̀ wọlé bí ẹni ká àga àkájọ. Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, orí rẹ̀ kan òrùlé. Nígbà tó fẹ́ jáde, ó há. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ìdí tẹ̀ lé e, orí ló gbẹ̀yìn. Ìyá Ìbejì ní òun ti gbẹ̀bí ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ òun ò gbẹ̀bí àgbàlagbà rí. Ìgè ló fi ń pe ọkọ rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

"Ó yé mi," ni ọkọ wí bó ṣe ń nu eruku lára ṣòkòtò. "Ọkọ kan ò tó ẹ mọ́, o lọ wá ọkọ̀ kún un."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ gùn jù ú lọ."

Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. Wọ́n ní ọmọ tó bá dé lẹ́yìn ìbejì, orúkọ rẹ̀ ò ní í ṣòro: Ìdòwú ni. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa Ìdòwú, pé olóríkunkun ni. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lára bí awọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ni kì í fẹ́ ṣíná. Bí bàbá ìkókó kan bá sì ń sáré kiri pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ eré yẹn bá mi gbé ìyàwó mi, ó ti ń rọbí," Ìyá Ìbejì á ní, "Ṣé kí n ki aboyún bọ inú ìyẹn? Ta ló máa gbẹ̀bí àwa méjèèjì?"

Mẹkáníìkì kan wà ní òpópónà kejì tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Dákẹ́-ná ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sóhun tí oníbàárà rẹ̀ lè máa sọ lọ́wọ́ kó má sọ pé, "Ẹ dákẹ́ ná," kó wá tẹ́tí sí ẹ́ńjìn. Nígbà tí Ìdòwú kọ́kọ́ ṣíná lọ́dọ̀ rẹ̀, nǹkan kan ń kàn kò, kò, kò nínú rẹ̀. Dákẹ́-ná dẹtí sí i níwájú, ó dẹtí sí i lábẹ́, kò mọ ibi tó ti ń wá. Ìyá Ìbejì bá ṣí báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ ìwo onígi tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú oyún, ó gbé ẹnu rẹ̀ ka ara ẹ́ńjìn, ó ń sún un díẹ̀díẹ̀. Ó dúró lójú kan.

"Ẹ wá gbọ́ ibí."

Dákẹ́-ná gba ìwo, ó tẹ́tí, ẹnu rẹ̀ là. "Háà! Ọlẹ̀ ń sọ!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bẹ́árìn ìsàlẹ̀ ló ti jẹ. Wọ́n tú ẹ́ńjìn náà palẹ̀, gbogbo ọjọ́ Sátidé tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, Ìyá Ìbejì á wọ ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, á lọ bá Dákẹ́-ná. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ písítìn inú ẹ́ńjìn, bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì kó má le jù, kó má sì dẹ̀ jù. Àwọn aláboyún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé agbẹ̀bí àwọn ń rùn bí epo.

Ìgbà tí ẹ́ńjìn padà sípò, ọ̀rọ̀ àtúnṣe wá délẹ̀, ibẹ̀ ni wọn ò ti fẹnu kò. Agbára ni Ìyá Ìbejì ń wá. Dákẹ́-ná ní bíréèkì ló kàn.

"Bíréèkì tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ o," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Ó ń ṣiṣẹ́ bí arúgbó ṣe ń ṣiṣẹ́, Mà. Á dé ibi tó ń lọ, àmọ́ ẹ má kánjú ẹ̀."

Kò gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí Ítálì, wọ́n fi kábúrétọ̀ ńláńlá méjì tó ń fún ẹ́ńjìn ní epo ránṣẹ́ sí i, wọ́n ń dán bí ṣíbí tuntun. Orí tábìlì oúnjẹ ni ọkọ rẹ̀ ti bá wọn, wọ́n jókòó sórí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Sátidé kan tí Dákẹ́-ná lọ kí ìyá rẹ̀, Ìyá Ìbejì fọwọ́ ara rẹ̀ de àwọn kábúrétọ̀ náà, ó jókòó, ó ṣíná.

Ẹ ò rí nǹkan! Ohùn tó gbọ́ lójọ́sí níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ló ń jáde yìí, ó sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òpópónà bí ọfà. Ó ń kọrin. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ tí ọ̀nà ti yà, ó tẹ bíréèkì. Ìdòwú kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò ná. Kó tó ronú tán, wọ́n ti la ọgbà ewéko aládùúgbò kan kọjá, wọ́n ti wọ àárín aṣọ tó sá sóòrùn, wọ́n sì dúró níwájú ògiri ilé ìdáná.

Aládùúgbò náà, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì, gbé orí jáde lójú fèrèsé. Ó rí ọkọ̀ kan tó da aṣọ ìbùsùn funfun borí bí ìyàwó tuntun. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, Ìyá Ìbejì jáde lábẹ́ aṣọ.

"Ẹ kú ilé o, Mà," ló wí.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ìbejì," ni ìyá náà dáhùn. "Ẹnu ọ̀nà là ń gbà wọlé níbí."

Iná iwájú kan ló fọ́, ohunkóhun ò ṣe ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá, ó wo ipa táyà láàárín ewéko, ó wo ògiri, ó yíjú padà sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń mu tíì, ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ife. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀ẹ́ sọ ọ́, àbí ọkọ̀ lẹ ń bá jowú ni?"

Ọkọ gbé ife sílẹ̀. "Mi ò bá nǹkan kan jowú. Àwọn ọmọ ti lọ, ilé yìí ti dákẹ́ tó. Mi ò fẹ́ kó dákẹ́ ju báyìí lọ." "Bó bá wù ẹ́, sáré. Àmọ́ kó o lè dúró."

Ìyá Ìbejì gbé ife tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, tíì méjèèjì tutù síbẹ̀.

Ó tọ Dákẹ́-ná lọ. "Mo gbà," ló wí. "Bíréèkì ló kàn. Mo tún fẹ́…"

"Ẹ dákẹ́ ná, Mà," ni Dákẹ́-ná wí. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì.

Wọ́n pààrọ̀ bíréèkì sí èyí tó tóbi tó sì le. Wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ra táyà tó ń di ilẹ̀ mú. Táyà tán, Ìyá Ìbejì ní wíìlì aláwọ̀ góòlù tí òun ti ń lá àlá rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ló kàn. Wọ́n gé irin tó gbé e dúró, wọ́n jó òmíràn mọ́lẹ̀, wọ́n dín fóòmù rẹ̀ kù, wọ́n sì tì í sẹ́yìn títí ó fi kan ibi tí eku tẹ́ ìtẹ́ sí níjọ́sí.

"Ta la ń wọ̀n ọ́n fún?" ni Dákẹ́-ná béèrè.

"Ẹnì kan wà tó gùn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tán, ó ní kí ọkọ òun wá wò ó. Ọkọ káwọ́ ká ẹsẹ̀ wọlé bó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó ń retí kí orí òun kan òrùlé. Kò kan. Ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ó fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ìjókòó, ó bá irin tuntun níbẹ̀.

"Bẹ́líìtì ńkọ́?"

"Ó wà léjìká yín."

Ó dì í. "Ó dáa. Gbé mi yí àdúgbò po. Má gba ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ yẹn o."

Lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń péjọ gun òkè kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n á ti ọ̀nà pa, ọkọ̀ á máa gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa fi aago wọ̀n wọ́n. Ẹnì kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí á máa pe ìyànà ọ̀nà fún un. Ìyá Ìbejì ti bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, àmọ́ ọkọ rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì wo? Ta ló mọ igun ju èmi lọ?" Ó fẹsẹ̀ rin òkè náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ó fi irinṣẹ́ ìṣirò wọn gbogbo ìyànà rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n fún oníkálukú láyè láti kọ́kọ́ gùn ún dánra wò. Ìdòwú fò kúrò nílẹ̀, Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í pè: "Ọ̀tún, ìwọ̀n márùndínlógójì! Òsì, ìwọ̀n mẹ́tàdínlọ́gọ́rin! Ọ̀tún, ìwọ̀n márùndínlọ́gọ́…" Kó tó pe "fà," wọ́n ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, ewé ti wọ inú ọkọ̀.

"Bàbá Ìbejì!" ni aya rẹ̀ pariwo. "Kẹ́ ẹ tó yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́fà, a ti dénú igbó!"

Wọ́n padà sísàlẹ̀, wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ìyànà tí kò tó nǹkan, "fẹ́ẹ́rẹ́." Èyí tó ká, "gidi." Èyí tó lè pani, "yéè." Kò sí ìṣirò mọ́.

Wọ́n ju àsíá sílẹ̀. "Ọ̀tún fẹ́ẹ́rẹ́! Òsì gidi! Òsì gidi náà! Ọ̀tún… yéè!" Ìyá Ìbejì tẹ bíréèkì, Ìdòwú ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó rẹ̀lẹ̀, ó yà, ó tún gbérí. Ohùn ẹ́ńjìn ń lu òkè, ó ń padà bọ̀ wá bá wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dókè, Bàbá Ìbejì ké "yéè" ńlá kan níbi tí ọ̀nà ti tọ́ gbọnrangandan. Títí dòní, kò tíì ṣàlàyé ìyẹn.

Wọn ò gba ipò kìíní. Oníṣègùn eyín kan tí ọkọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí páálí ló gbé ìyẹn. Àárín gbùngbùn ni wọ́n bọ́ sí. Dákẹ́-ná, tó dúró lókè láti gbọ́ bí Ìdòwú ṣe ń bọ̀, gbá wọn mọ́ra pẹ̀lú gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ ohun kan tó yẹ kóun bá wí. Bàbá Ìbejì jáde, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní tí jíà kẹta bá lè gùn díẹ̀ sí i, kó sáré sí i kí wọ́n tó yí i, oníṣègùn eyín yẹn á mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀.

Àwọn ìbejì wálé nígbà ìsinmi, wọ́n ń jà sí ẹni tó máa kọ́kọ́ bá ìyá wọn jáde. Bàbá wọn ti jókòó síbẹ̀, ó ti di bẹ́líìtì, ó ní kí wọ́n lọ ra tiwọn. Ẹ́ńjìn Ìdòwú tún ti wà nílẹ̀ báyìí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti tú u palẹ̀ lọ́dọ̀ Dákẹ́-ná. Ọkọ ló ní kí wọ́n tú u, nítorí jíà kẹta yẹn.