Garawa Fàósátù Tó Ń Jò

Lọ́dún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, bí garawa ẹnikẹ́ni bá lu ní Mushin, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì ni wọ́n ń gbé e lọ. Agolo kẹrosíìnì òfìfo tó ń rà wá láti Ìjọra ló fi ń ṣe fìtílà, àrọ àti garawa. Òjé ló sì fi ń dí èyí tó bá ń jò. Iṣẹ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́ kankan. Ẹ kí i, á ní, “Hùn.” Ẹ bú u, á ní, “Hùn.” Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì òun àti Fàósátù, tí lèmọ́mù bi í bóyá ó fẹ́ obìnrin yìí, “Hùn” náà ló wí. Lèmọ́mù ní kí ó tún un sọ.

Garawa kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò tí Ọ̀ṣẹ́nì kò rí àyè ṣe: ti ìyàwó rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni Fàósátù fi ń gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ, tí omi ń jò sí i lẹ́yìn bọ̀ wálé, tó, tó, tó. Bó bá ní, “Bàbá Sàlíhù, garawa mi ńkọ́?” ọkọ á ní, “Lọ́la.” Lọ́la ọ̀hún kò mọ ọ̀nà ilé wọn. Lọ́jọ́ kan, Fàósátù gbé omi dé, ó ti dín sí ìdajì, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ẹ dákun, ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ràn mi?”

Ọ̀ṣẹ́nì gbójú sókè. Ó ní, “Sún díẹ̀, o dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọlúàbí fi dá ìyàwó lóhùn nìyẹn? Fàósátù da omi tó kù nù, ó di aṣọ rẹ̀ àti ti Sàlíhù ọmọ wọn sínú garawa náà, ó kó lọ sílé Fàsásì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní òpópónà kejì.

Ọ̀ṣẹ́nì tó rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wu òun wá rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gidi, kò sì lè jẹun mọ́. Ó lọ sílé Fàsásì láti bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan gbáko, ó ní, “Oòrùn yìí mú o,” ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Fàsásì bi àbúrò rẹ̀ pé kí ni ọkọ rẹ̀ ṣe fún un gan-an.

“Kò ṣe nǹkan kan,” Fàósátù dáhùn. “Ẹjọ́ mi nìyẹn. Bí Ààwẹ̀ bá fi wọlé tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ lèmọ́mù kí wọ́n tú yìgì náà.”

Ààwẹ̀ ku oṣù kan.

Ẹ mọ òfin ìdí ẹ̀rọ. Garawa ni èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi bù á ti lọ gbé tirẹ̀ sórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́, á padà lọ na ẹ̀yìn, garawa rẹ̀ á máa dúró dè é. Ẹni tó bá fọwọ́ kan garawa oní-garawa ti ra ìjà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bí Ọ̀ṣẹ́nì ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó rí garawa ìyàwó rẹ̀ lórí ìlà, pẹ̀lú àkísà pupa tó so mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, àánú obìnrin náà sì ṣe é. Ó rò ó pé bí òun kò bá lè bá Fàósátù sọ̀rọ̀, òun lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ garawa rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbé ìkòkò eléèédú kékeré, irin àti òjé dání, ó kúnlẹ̀ ti garawa náà. Ihò mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀. Ó ti dí méjì nígbà tí Ìyá Saidat rí iná pupa láàárín ìlà. Àgbà obìnrin yìí ló fi ara rẹ̀ jẹ ìyálóde ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò yàn án, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti yọ ọ́.

“Ẹ jáde wá, ọwọ́ ti ba olè garawa,” ó ké. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin ti yí Ọ̀ṣẹ́nì ká, ìró láyà, ọmọ orógùn lọ́wọ́ ẹlòmíì.

“Kí lò ń fi garawa ṣe?” Ìyá Saidat bi í.

“Mò ń dí i.”

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Àbí ẹ ò rí nǹkan. Ní Èkó yìí, ó ń ṣiṣẹ́ tí wọn kò rán an. Ta ló ni garawa?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ìyàwó ọ̀hún dà?”

“Ó ti kó lọ.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìyá Saidat kò rẹ́rìn-ín. “Ó ti kó lọ, o wá ń jí dí garawa rẹ̀. Nítorí kí ni?”

“Hùn,” ni Ọ̀ṣẹ́nì wí.

“Hùn kọ́ la bi ọ́. Sọ̀rọ̀, àbí ká mú ọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.”

Ọ̀ṣẹ́nì gbójú sókè, ó rí Fàósátù lẹ́yìn gbogbo wọn, òṣùká lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí garawa, òun ló bá sọ̀rọ̀.

“Mo máa ń gbọ́ ọ tó bá ń bọ̀. Omi yẹn, tó, tó, tó. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé Àwẹ̀ró mi ló ń bọ̀, ọkàn mi á balẹ̀. N kò sọ fún un rí. Mo rò pé ó mọ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo obìnrin Mushin ń gbé omi kọjá, ti ẹnì kan kò jò. Èmi náà ni mo ṣáà dí gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dí ihò kẹta, irin mi ń tutù.”

Ìyá Saidat rí Fàósátù, ó ní, “Ìwọ, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?”

Fàósátù wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. “Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀,” ó ní, “àmọ́ ẹni yẹn kì í sọ̀rọ̀.”

Ó dúró títí Ọ̀ṣẹ́nì fi parí, ó pọn omi rẹ̀ kún, ó gbé e rù, ó lọ. Ẹ̀kán omi kan kò kán sílẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Àṣé Ọ̀ṣẹ́nì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ó délé ló tó rò ó: gbogbo ihò ti dí, kí ni obìnrin náà tún fẹ́ fi òun ṣe? Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò gbọ́ nǹkan kan láti ilé Fàsásì.

Ó ku ọjọ́ méjì kí Ààwẹ̀ wọlé, ó tún gba ìdí ẹ̀rọ kọjá. Garawa alákìísà pupa wà lórí ìlà, wọ́n da ojú rẹ̀ dé, ìdí rẹ̀ wà lókè. Ihò kan wà níbẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì fi ìka tọ́ ọ wò. Ìpẹtà kì í jẹ páànù báyẹn. Wúruwùru ni ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Ihò yìí rí róbótó, etí rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú. Ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Ọ̀ṣẹ́nì bú sẹ́rìn-ín, èyí tí ẹnikẹ́ni ní Mushin kò gbọ́ rí.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Sàlíhù,” Fàósátù wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ó tún ti lu.”

“Mo rí i. Ìṣó ni.”

“Ìpẹtà ni.”

Ọ̀ṣẹ́nì, ẹni tí páànù kankan kò tàn jẹ rí láyé, ní, “Ìpẹtà ni, Àwẹ̀ró. Kò ṣeé dí níbí, àfi ká gbé e délé.”

“Ẹ gbé e, ká lọ.”

Kí èèyàn tó jẹ àkàrà méjì tán, Ọ̀ṣẹ́nì á ti dí ihò ìṣó kan. Kò dí i títí Ààwẹ̀ fi parí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ru garawa náà lọ sí ẹ̀rọ láràárọ̀ báyìí, àwọn obìnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Saidat sì ti fún un láyè tirẹ̀ lórí ìlà. Bó bá ń bọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin, Fàósátù á ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, tó, tó, tó, á sì bu ẹ̀kọ rẹ̀ kalẹ̀.