Òdòdó Tí Bàbá Mi Tìtorí Rẹ̀ Na Àǹtí Mi

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti ń rọ̀ tí kò dá, ìgbà yẹn ni ara bàbá mi máa ń yá gágá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, ilé tí à ń gbé ní Sùúrùlérè sì ní àyè díẹ̀ níwájú, láàárín géètì àti fàráńdà. Ewúro àti àgbàdo ni àwọn aládùúgbò wa ń gbìn sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Òdòdó ni bàbá mi gbìn sí tiwọn. Ìdò tò lẹ́bàá ògiri, àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ìyeyè. Tannápọṣó wà lábẹ́ fèrèsé, èyí tí kì í là àfi tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀. Àmọ́ ààyò wọn wà láyè ọ̀tọ̀, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí i ká: òdòdó kan tó máa ń sùn sábẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí á wá ta ọ̀pá jáde nígbà òjò, tí orí rẹ̀ á là rogodo, pupa bí ògúnná. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yọ lọ́dún, kì í sì í pẹ́ rọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti hú u wá, nínú igbó ẹ̀yìn ilé bàbá wọn. Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Èkó.

N ò rí i kí bàbá mi fọwọ́ líle kan òdòdó rí. Ìka kan ni wọ́n fi ń gbé orí rẹ̀ sókè, bí ẹni ń gbé àgbọ̀n ìkókó. "Ẹ kú òjò o," wọ́n á máa kí ìdò bí ẹni ń kí èèyàn.

Àwa ọmọ méjèèjì ni wọ́n ń nà. Kòbókò wọn wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Wọ́n nà wá torí àwo tó fọ́, wọ́n nà wá torí a pẹ́ ká tó jẹ́ ìpè, wọ́n nà wá torí a rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Tí wọ́n bá nà wá tán, wọ́n á gbé omi lọ sọ́dọ̀ àwọn òdòdó wọn, ọwọ́ wọn á sì tún rọ̀ bí òwú. Ìyẹn máa ń dùn mí ju ẹgba lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà. Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọmọ àwọn tó ń ta pákó ní Muṣin. Ọkọ̀ gbá ọmọbìnrin náà lójú títì nígbà tó ń ti ilé-ìwé bọ̀. Kò dé ọsibítù tó fi kú. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sin ín ní Yábàá, kí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ mú òdòdó dání.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́, màmá mi tó jẹ́ tíṣà náà ti jáde. Àǹtí mi wọ yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ̀, ó dúró níwájú ọgbà.

"Mú ìdò," ni mo wí. "Ìdò pọ̀, Dádì ò ní mọ̀."

"Ìdò kọ́. Tí ọ̀rẹ́ mi bá wá sílé wa, ibí yìí ló máa ń dúró sí tó máa ń wò." Ó nawọ́ sí òdòdó pupa inú búlọ́ọ̀kù. Méjì ló là lọ́dún náà. Ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá sọ fún Dádì."

Ó sì sọ fún wọn lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi rí ọ̀pá tí kò lórí. Àǹtí mi jáde sí wọn. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Dádì, èmi ni, sà. Ọ̀rẹ́ mi ni mo fi sin. Ẹ má bínú, sà."

"Òdòdó mi lo jù sínú kòtò òkú?"

"Wọ́n ní ká mú òdòdó wá ni, sà."

Wọ́n ti mú kòbókò. Wọ́n nà án ní fàráńdà, wọ́n nà án wọ pálọ̀, nígbà tó ṣubú wọ́n nà án nílẹ̀. Ẹkún wa ló máa ń dá wọn dúró tẹ́lẹ̀, àmọ́ àǹtí mi ò sunkún. Ó ti sun ún tán létí sàréè. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Bí kò ṣe sunkún yẹn ni ìbínú bàbá mi ń ru sí i.

"O ò ní sunkún? O ò ní sunkún, àbí?"

Ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù ya, ẹ̀jẹ̀ rin ín. Màmá mi kó sí àárín wọn, kòbókò sì lọ́ mọ́ màmá mi lọ́rùn. "Ó tó! Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ni?" Àwọn aládùúgbò ń gbá géètì wa. Ìgbà tó rẹ apá bàbá mi ni wọ́n dáwọ́ dúró. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí bàbá mi níta, wọ́n ń fi igi ti òdòdó kejì kí òjò má baà dá a.

Màmá mi fi omi lílọ́wọ́ọ́ àti iyọ̀ wẹ ẹ̀yìn àǹtí mi.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú wọn. Màmá mi di ìró mọ́dìí, wọ́n mú àdá. Mo rò pé koríko ni wọ́n fẹ́ ṣán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ògiri. Ìdò ń wó lulẹ̀, omi ara rẹ̀ ń ta sí wọn lójú, wọn ò nù ún. Wọ́n gé tannápọṣó dé gbòǹgbò. Àǹtí mi rọra jáde, ó ń rìn bí arúgbó.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ni àwọn òdòdó ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan," ni màmá mi wí. "Ìwọ náà ò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n fi ọkọ́ hú òdòdó pupa náà pẹ̀lú iṣu rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, àdá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Bàbá mi wọlé. Wọ́n wo ilẹ̀ pẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

Wọ́n gbá màmá mi lọ́rùn mú, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ ògiri. Ojú màmá mi ràn. Mo fò mọ́ bàbá mi, mo sì ki eyín bọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n jù mí nù, àgbọ̀n mi sì lọ bá etí búlọ́ọ̀kù. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú orí mi kí n tó mọ̀ pé ó dùn mí. Nígbà tí mo gbójú sókè, àǹtí mi ti mú àdá lọ́wọ́.

"Ẹ fi Mọ́mì sílẹ̀, Dádì."

Kò fi "sà" kún un. Bàbá mi wo àdá, wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n sì jọ̀wọ́ màmá mi.

Bàbá mi fúnra wọn ló gbé mi lọ sí ọsibítù nínú takisí, hánkáṣíìfù wọn ni wọ́n fi di àgbọ̀n mi.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń géni jẹ?" ni wọ́n bi mí.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

Nọ́ọ̀sì bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní mo ṣubú ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn ọwọ́ wọn níbi tí eyín mi wà, kò sì gbójú kúrò lára wọn títí wọ́n fi sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ni mo jù ú."

N ò ní parọ́ pé ìwà wọn yí padà lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣì nà mí lẹ́yìn ìyẹn. Àǹtí mi ni wọn ò fọwọ́ kàn mọ́. Màmá mi gbin ilá síwájú ilé, bàbá mi ń jẹ ẹ́, wọn ò sì gbin òdòdó mọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi màmá mi pé kí ló dé tí wọn ò fi kó jáde. "Ibo ni ǹ bá kó yín lọ?" ni wọ́n dá mi lóhùn.

Àǹtí mi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì padà wá sùn nílé wa mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àbúrò màmá mi ló mú un lọ síwájú pẹpẹ. Bàbá mi jókòó sáàárín èrò.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn rọ bàbá mi lápá kan, màmá mi ò sì lágbára àtigbé wọn. Àǹtí mi ń wá láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dá egbò, ó ń fi òróró pa á. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"O ṣé, ọmọ mi," ni bàbá mi wí, ohùn wọn ò já geere mọ́.

"Ẹ gbé apá yín sókè," ni àǹtí mi wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.