Ìparí Bẹ́ǹṣì, Lápá Òsì

Ẹ̀wà ni mò ń bó lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Mo ti rẹ ẹ́ sómi, mo ń fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ lè ṣí. Ọmọ mi obìnrin jókòó sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ẹfun kọ ohun tí mo ní kó kọ. Ọkọ̀ òfurufú kan ń kọjá lórí òrùlé wa. Tí wọ́n bá ti ń kọjá báyẹn ní Ìsọlọ̀, ńṣe la máa ń dákẹ́ títí ariwo wọn á fi lọ. Ìgbà tí eléyìí lọ tán ni mo rí i pé ìyá onílé wa ti dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Tísà, o kúuṣẹ́ o."

Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Àlàájà ni gbogbo ilé ń pè é, òun náà sì ti sọ mí di tísà láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ mi nílé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ nílé-ìwé o. Ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa bọ̀. Mo rí ọkọ ẹ níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ l'Óṣòdì láàárọ̀, mo sọ fún un. Ó ní ọ̀la lẹ máa mú un lọ."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́, inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn." Ó wo ọmọ náà nílẹ̀. "Ìwọ, wọ́n á bá wa tún ọwọ́ yẹn ṣe níbẹ̀."

Ọwọ́ òsì ló ń bá wí, èyí tí ọmọ mi fi mú ẹfun. Ọmọ náà rọra fi ọwọ́ ọ̀hún pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Èmi padà sídìí ẹ̀wà mi.

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Láti ìgbà tó ti lè di ṣíbí mú la ti mọ̀. A kọ́kọ́ rò pé á lọ fúnra rẹ̀, bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe máa ń mu ìka tí wọ́n sì máa ń fi í sílẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sí wa. Àsìkò yẹn, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri. Owó epo ti wọlú, wọ́n ti fi kún owó oṣù, ẹni tí kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ ti ra tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá jáde ìwé mẹ́wàá bíi tèmi, tó tún mọ táìpù tẹ̀, kò ní pẹ́ rí ọ́fíìsì tó máa gbà á. Mo ti ń kọ́ táìpù. Mo fẹ́ kí ilé sinmi díẹ̀ lóòótọ́, bí orúkọ ibẹ̀ ṣe wí.

Ilé ò sinmi. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí omi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. A ní bóyá ó ń sín ẹlòmíràn jẹ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń ṣe tísà fún ọmọláńgidi rẹ̀. Ó ti fi àjákù àǹkárá kan so ọwọ́ òsì ọmọláńgidi náà mọ́ ẹsẹ̀ àga.

Mo ní, "Kí ló ṣe tí o fi so ó lọ́wọ́?"

Ó ní, "Kó lè mọ̀wé ni."

Mi ò pariwo. Mo bi í bóyá wọ́n ti so òun náà rí. Ó ní ojoojúmọ́ ni, àfi tí òun bá fẹ́ lọ tọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n fún wa ní bisikíìtì.

Obìnrin tó ni ibẹ̀ kì í ṣe ìkà, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Nígbà tí mo lọ bá a, ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi mu. "Ìyá ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń ràn lọ́wọ́," ló wí. "Ẹ wo bó ṣe máa rí nílé ọkọ ẹ̀ lọ́la, tó bá ń fi òsì rokà fún wọn." Ó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a lọ sílé, a ò sì padà débẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe fi táìpù sílẹ̀ nìyẹn.

Kíkọ́ ọmọ ní ìwé nílé rọrùn lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ jókòó kojú sí i, mo ń kọ, òun náà ń wò mí kọ. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń dojú kọ ẹ̀yìn: b di d, d di b. Mo rò pé nǹkan ń ṣe é. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé bó ṣe ń rí mi gan-an ló ṣe ń kọ, bí èèyàn tó wo dígí. Mo wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo fi ọwọ́ òsì mi di tirẹ̀ mú, a jọ ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ará ilé tó kù bá ń sùn lọ́sàn-án, èmi nìkan máa ń mú ẹfun sí òsì, mo máa ń kọ a, b, d sí ilẹ̀ títí ó fi ń jọ lẹ́tà. Bó ṣe ń kọ̀wé lọ sápá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ máa ń pa èyí tó ti kọ rẹ́, ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun báláú. A yí síléètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó dín kù.

Nígbà tó fi máa di òjò kejì, ó ti ń ka ìwé. Ìkólòlò náà ti lọ, àfi tí ẹ̀rù bá bà á.

Àlàájà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó lọ fún un ní ṣéńjì rẹ̀. "Gbé e sílẹ̀!" ni ìyá náà wí. Ọmọ mi gbé e sílẹ̀, ó tún fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa á, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí i. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "O gbọ́n o. Àmọ́ òsì àti òṣì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n o."

"Rárá, mà," ni ọmọ mi dáhùn. "Ọ̀kan ní àmì lábẹ́."

"Àmì kẹ̀?"

Ọmọ náà kọ méjèèjì sílẹ̀ fún un. Àlàájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó lè kà á. "Ọ̀kan ní àmì lábẹ́ lóòótọ́," ló wí, ó sì wọlé lọ. Síbẹ̀ kò gba nǹkan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ rí.

Ọkọ mi dé láti Àpápá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Mo gbé mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀, mo jókòó. Kò dúró kí n bẹ̀rẹ̀.

"O ti kọ́ ọ dáadáa. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé ilé-ìwé wo lo ti jáde, kí ló máa wí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlàájà?"

Inú ń bí mi, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n á nà án," ni mo wí.

"Wọ́n na àwa náà. Ṣé a kú ni?"

"Torí ẹ̀ ń pariwo ní kíláàsì ni wọ́n ṣe nà yín. Wọn ò nà yín torí ọwọ́ tí wọ́n bí mọ́ yín."

Ó jẹun díẹ̀ sí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Kò ní ọ̀rẹ́ kankan. Ṣé o ti ṣàkíyèsí ẹ̀? Ìwọ àti Àlàájà ló ń bá ṣeré." Ìyẹn gún mi ju ti ìwé ẹ̀rí lọ, torí mo ti ṣàkíyèsí ẹ̀. Tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń ṣeré ní ìta, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Jẹ́ ká kàn lọ wò ó," ni ọkọ mi wí.

Èrò ti kún ilé-ìwé náà nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé onípáánù mìíràn síbẹ̀ ni, kò tíì ní ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin sísanra kan tó wọ awò ojú, jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi, àwọn òbí tò síwájú rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí ọmọ. Bí ọmọ bá ti dé iwájú rẹ̀, á ní kó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kó fi kan etí kejì. Tí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó.

Ó kan tiwa. Ọmọ mi gbé ọwọ́ òsì sókè, ó gba orí, ó di etí ọ̀tún mú gírígírí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ní," ni ọ̀gá náà wí, bẹ́ẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ò mira. Ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ ò jáde. "M-m-m," ló ń wí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó ní, "Ó ti di mótò tí ò fẹ́ sítáàtì."

Mo rí i lójú ọkọ mi pé ó fẹ́ kí n dákẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Òsì ló fi ń kọ̀wé. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa nà án torí ẹ̀, tàbí ẹ máa so ó, ẹ má wulẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Màá mú un padà sílé."

"Ah-ah," ni ọkọ mi wí, jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Màdáàmù, ẹ wẹ̀yìn yín. Ṣé ẹ rí àwọn ọmọ tó wà ńbẹ̀? Mi ò tíì ní tísà tó máa kọ́ ìdajì wọn. Àwọn kan máa wá láàárọ̀, àwọn kan máa wá lọ́sàn-án. Ẹni tó máa kọ́ tiyín, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mi ò lè búra fún yín pé kò ní nà án."

"Mo gbọ́, mà."

"Ohun tí mo lè ṣe ni pé kó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, lápá òsì. Ìgúnpá ẹ̀ ò ní máa gbá ẹnikẹ́ni. Ìjà ìgúnpá yẹn ni tísà máa ń tìtorí ẹ̀ nà wọ́n jù." Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Ṣé kí n kọ ọ́, àbí kí n má kọ ọ́? Èrò ń dúró."

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní rárá, ọkọ mi ò ní bá mi jà níbẹ̀, kò sì ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Mo wo ọmọ mi. Kò wò mí mọ́. Ó ń wo àwọn ọmọbìnrin méjì kan tí wọ́n ń ṣe tẹ́ńtẹ́n nídìí ògiri, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ti ń bá wọn jó díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà.

"Ẹ kọ ọ́ sí ti ọ̀sán, mà," ni mo wí. Tó bá jẹ́ ọ̀sán, tèmi ni gbogbo àárọ̀.

Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ mi rìn padà sílé.

"Màámi, ṣé wọ́n máa so mí?"

Mi ò fẹ́ purọ́ fún un. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Tí wọ́n bá so ọ́, tàbí wọ́n nà ọ́ lọ́wọ́, má fi pa mọ́ fún mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o sọ ọ́, màá wá síbẹ̀."

"Tí tísà bá ní kí n gbé ẹfun fún òun, tí mo sì ń kọ̀wé lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Gbé e bọ́ sí ọ̀tún, kúnlẹ̀, kó o fún un. Lẹ́yìn náà, padà sídìí ìwé ẹ, kó o máa fi òsì ẹ kọ ọ́ lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé màmá ẹ ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó rò ó. "Tí ẹlòmíràn bá ti jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì ńkọ́?"

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀," ni mo sọ fún un. "Èmi àti ìwọ la máa kọ́kọ́ débẹ̀."