Aṣọ Tí Wọ́n Sá sí Ẹ̀yìnkùlé

Ó ti rẹ̀ mí kí a tó kúrò ní Tanke, ní Ìlọrin, rárá. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí ní kíláàsì. Jímọ̀ wá dé, dípò kí n nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi àti màmá mi forí lé Àjàṣẹ́. Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń wí o, Porto-Novo, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tòsí wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn níbẹ̀ la sin wọ́n sí.

Màmá ní àwọn fẹ́ jókòó nínú ilé ọmọ àwọn. Àwọn àgbà ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán ò kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èèwọ̀ ni o. Òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ. Ìwọ ni kí o ṣọ́ ìyá rẹ." Bí èmi tí ẹ̀yìn ń dùn ṣe di ọlọ́pàá ìyá mi nìyẹn.

A sùn ní Àgbádárìgì. Láàárọ̀ Sátidé, a wọ ọkọ̀ ojú omi, torí orúnkún Màmá ò lè gba ìdúró-ìbẹ̀rẹ̀ ojú títì bọ́dà. Àwa ará Ìlọrin, odò Asà tí à ń wò láti orí afárá lomi tá a mọ̀. Màmá di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí. Atẹ́gùn omi dùn, ṣùgbọ́n èmi ń tòògbé ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ègùn, kúnlẹ̀ pàdé wa, àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Mo wọlé, mo rí ẹ̀yìnkùlé, ẹnu yà mí. Gbogbo aṣọ inú ilé ló ti fọ̀ tó sì sá sórí okùn: kọ́tìnnì, ìró, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, títí kan ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi wọ́n ṣe ògiri.

"Àǹtí," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀yìn ni balùwẹ̀ wà. Mi ò fẹ́ kí Màmá rí sàréè tí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀."

Màmá wo aṣọ náà. "Ìyàwó mi, o mà kú iṣẹ́ o." Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń wo aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú bí mi. Oorun ń kùn mí, síbẹ̀ mi ò lè gbójú kúrò lára Màmá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán ni ojú ọ̀run ṣú.

"Òjò ń bọ̀," ni Màmá wí láti orí àga wọn. "Ẹ kó aṣọ."

Ìyàwó wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó mira. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ìgbà náà ni Màmá fọwọ́ ti orúnkún dìde. Wọ́n yí àga padà, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri inú ilé.

"Ẹ lọ kó aṣọ yín. Mo ti kẹ̀yìn sí i."

A sáré jáde. Bí mo ṣe ń já aṣọ lórí okùn ni mo rí sàréè náà, sìmẹ́ńtì tí wọ́n kùn ní funfun, òjò ń dún lórí páànù kékeré tí wọ́n fi bò ó. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹ̀yìn ìyá mi. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, a máa ń sọ ọ́ ní ìsìnkú, èmi náà a sì máa mi orí. Lọ́jọ́ yẹn, mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Mo fi kọ́tìnnì tútù bojú, mo sunkún.

Nígbà tá à ń padà, òjò ṣì ń ṣẹ́. Ọkọ̀ ti jìnnà sí èbúté kí Màmá tó la ẹnu.

"O rí ibẹ̀, àbí?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ṣé wọ́n fi nǹkan bò ó lórí, àbí òjò yẹn ń pa á?"

"Wọ́n fi páànù bò ó, Màmá."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Òtútù tètè máa ń mú un."