Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Lójú Aago

Aláago ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, débi pé bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ó lè má yíjú. Aṣọ ló ń lọ̀ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan: bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, aṣọ orí tábìlì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò. Ẹnìkan níbẹ̀ ló tẹjú mọ́ fídíò lórí fóònù títí áyọ́ọ̀nù fi jó ṣẹ́ẹ̀tì àlejò kan láti àyà dé ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń gba fóònù gbogbo wọn láràárọ̀, tó ń tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìka kan tọ́ epo, ó ran gbogbo ọwọ́.

Ọ̀gá kò dárúkọ aago nínú òfin rẹ̀, ni ọkùnrin yìí bá lọ ra aago ọwọ́ ìgbàlódé, irú èyí tó máa ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sórí fóònù wá sójú ara rẹ̀. Kì í ṣe fáàrí. Màmá rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n lè jáde nílé kí wọ́n má mọ ọ̀nà padà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú wọn. Àdéhùn wọn ni pé bí Màmá bá ti lo oògùn tán, kí àbúrò fi ránṣẹ́, kí ọkàn ẹ̀gbọ́n lè balẹ̀.

Kò burú. Àmọ́ ẹ gbọ́ irú aago tí à ń wí ná. Áàpù tó ń ka ìrìn rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí tábìlì, ó ń kí i kú ìrìn, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ló dúró sí láti àárọ̀. Òmíràn á ní kó jókòó, kó mí kanlẹ̀, nígbà tí òkìtì ṣíìtì ga dé àgbọ̀n rẹ̀. Ta ló bi í? Nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ní kí lẹ́tà máa tóbi, ni ojú aago kò bá gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Mama ti lo". Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù, àfi kó fi ìka fà á sókè, áyọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́. Èsì kan wà tó ti tọ́jú sínú aago náà: "Ó dáa". Imú ló fi máa ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, fóònù náà gbà pé ó ti ka gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò ní sọ nǹkan kan fún un mọ́ nírọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, aago gbọ̀n. "Mama ti lo". Ó fi imú tẹ "Ó dáa", ó fa ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Aago tún gbọ̀n, kò dákẹ́. Ó rò pé èyí tó máa ń ní kó mí kanlẹ̀ ni, inú bí i, ó pa á láìwò ó.

Àṣé Màmá kò lo oògùn kankan. Màmá ti lọ. Àbúrò rẹ̀ kì í fi àmì sọ́rọ̀ tó bá ń tẹ̀, ta ló tilẹ̀ ń ráyè ìyẹn nínú wa? Lò, lọ, lọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú aago.

Ìgbà tí ọ̀gá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́, tó rí i pé àbúrò ti pè é láìmọye ìgbà, ló tó ṣí iṣẹ́ náà, tó rí odindi rẹ̀: "Mama ti lo o, mi o ri won nile, e jowo e maa bo." Abẹ́ rẹ̀ ni èsì tirẹ̀ jókòó sí. Eré tó sá dé ilé Màmá, bàtà ẹsẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò bojú wẹ̀yìn.

Màmá ti délé. Gẹ̀rígẹ̀rí tó ń gẹ irun ní ìkóríta ló rí wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tó mú wọn wá. Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ àwáwí: aago ni, lẹ́tà ló tóbi jù, kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ bá a wí pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ kó yéèyàn. Àbúrò jẹ́ kó sọ tán.

"Bọ̀ọ̀dá mi, abẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn yẹn náà ni mo kọ ọ́ sí lóṣù tó kọjá pé ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè dá a ṣe mọ́. Ẹ ní ó dáa. Mo ní kẹ́ ẹ wá dúró ti Màmá ní Sátidé kí n lè lọ rí dókítà fún ara tèmi. Ẹ ní ó dáa. Mo wọṣọ, mo jókòó síbí títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Àbúrò ní ó di ọjọ́ Ajé, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò dúró gba ẹ̀bẹ̀.

Inú ń bí ẹ̀gbọ́n sí aago, inú ń bí i sí ọ̀gá, èyí tó ń bí i sí ara rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó wọlé. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Oògùn wà lórí tábìlì, funfun, pupa, èyí tó jẹ́ olómi. Kò mọ èyí tó ṣíwájú, kò mọ èyí tí wọn kì í lò láìjẹun. Ó pe àbúrò lórí fóònù, kò gbé e. Ó wá bi Màmá fúnra wọn léèrè.

Màmá wò ó.

"Ọmọ mi dà?"

"Èmi nìyí, Màmá. Èmi ọmọ yín nìyí."

"Mo mọ̀ ẹ́," ni Màmá wí. "Èyí tó ń fún mi lóògùn ni mò ń bèèrè."