Òjé Inú Omi Ìyá Ìdíátù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ẹ̀gbọ́n mi Adùnọlá, ẹ sún ìgò omi rẹ̀ kan kúrò níbi tó gbé e sí. Yàrá kan àti pálọ̀ la jọ ń gbé ní Yábà, lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó, ìgò ló sì gba gbogbo abẹ́ tábìlì. Iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ló ń ṣe ní láàbù kan. Mo máa ń bi í pé kí ló dé tí kì í kàn mu omi bíi gbogbo èèyàn. Á ní kí n lọ sùn.

Múṣin la dàgbà sí, nínú àgbàlá Ìyá Ìdíátù, onílé wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Bàbá Mùktárù, kú, ìyá yìí gbẹ́ kànga fún àdúgbò, ó fi ṣe sàráà fún un. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni kò mu nínú omi yẹn?

Lọ́dún tó kọjá, àṣírí tú pé àwọn kan ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò lẹ́yìn ilé kejì. Wọ́n lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bá wọn lọ. Ojú kì í rí òjé nínú omi, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́. Abdulfatai, alága àdúgbò, ní bí omi náà kò bá dára, òun yóò fi sìmẹ́ǹtì dí kànga náà pa.

"Ẹ gbé omi lọ bá Adùnọlá," ni Ìyá Ìdíátù wí. "Ọmọ mi ni. Kò ní parọ́ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi fi kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ ránṣẹ́, Ìyá sì bu omi kún un.

Ẹ̀rọ láàbù kò rí nǹkan kan. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi kò túká. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í rí òjé tó bá kéré jù, bẹ́ẹ̀ èyí tó kéré yẹn náà kò dára kéèyàn máa mu ún lójoojúmọ́. Ló bá gbé iyanrìn rẹ̀ jáde. Iyanrìn funfun kíkúnná ni, wọ́n ti fi kẹ́míkà ṣiṣẹ́ sí i lára, tó fi jẹ́ pé bí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, á di òjé mú, á jẹ́ kí omi máa lọ. Ó kó o sínú ọ̀pá gíláàsì, ó ń da omi kẹ́ẹ̀gì náà sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tán, ó fi ásíìdì ìwọ̀nba fọ òjé kúrò lára iyanrìn sínú ife kékeré. Ó dà bí ìgbà téèyàn ṣa òkúta inú odindi àpò ẹ̀wà sínú abọ́ kan. Òkúta kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ríbi sá sí mọ́.

Ẹ̀rọ wá rí i. Òjé wà níbẹ̀.

Adùnọlá sunkún délé. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá yìí pé sàráà ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe wá níbi?" Ó pe Alága, ó sọ fún un, nítorí kò jẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ wewu.

Nígbà tá a dé Múṣin lọ́jọ́ Sátidé, àpò sìmẹ́ǹtì ti wà lẹ́nu kànga, Alága dúró tì í. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Síbẹ̀ àlejò ti dé. Ó dìde, ó bu omi wá fún wa látinú ìkòkò irin ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, irú èyí tí wọ́n ń yọ́ irin àlòkù oríṣiríṣi rọ.

Adùnọlá gba ife, kò mu. Ìkòkò ló ń wò.

"Ìyá, omi tẹ́ ẹ bù sí kẹ́ẹ̀gì mi, ṣé tààrà látinú kànga ni?"

"Tààrà kẹ̀? Omi tó ń lọ sí láàbù! Mo gbé e kalẹ̀ sínú ìkòkò mi di ọjọ́ kejì, kó tòrò, kí wọ́n má bàa sọ pé omi ìyá rẹ dọ̀tí."

"Yéè! Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mi ò wá pọn ọ́n fúnra mi. Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì po sìmẹ́ǹtì yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì míì."

"Àǹtí Adùn, àwọn ọmọ ń mu omi yìí o!"

"Mo mọ̀ sà. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún títí màá fi dé."

Ó fúnra rẹ̀ fa omi kànga sí kẹ́ẹ̀gì kan, ó bu ti ìkòkò sí ìkejì. Iyanrìn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú omi kànga, kò rí òjé kankan dì mú. Ti inú ìkòkò ló ní òjé: ara irin àlòkù tí wọ́n fi rọ ọ́ ló ti ń jáde.

Àdúgbò hó yèè nígbà tó mú ìròyìn náà dé, àfi Ìyá nìkan. "Ìkòkò yẹn ni mo fi ń se oúnjẹ fún yín nígbà tí màmá yín bá lọ sọ́jà," ló wí. "Ṣé mo ti pa yín lára ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ wò wá, a ti dàgbà. Àwọn ọmọ ilé yìí, a ó kó wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. A ti mọ ibi tó ti ń wá. Kò ní wọ ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́."

Alága rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tún ẹnu kànga tó ti sán ṣe. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Kí wọ́n lè tún fi rọ òmíràn fún ọmọ ẹlòmíì?" Ó mú ìṣó àti òòlù, ó lu ìdí ìkòkò jo fúnra rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sì jókòó lé e lórí. Ó wá ní kí wọ́n fa omi. Ó bù ú sí kọ́ọ̀bù, ó kọ́kọ́ mu níbẹ̀, ó na ìyókù sí Adùnọlá.

Kọ́ọ̀bù oníke ni.