Pátákó Tí Nùréènì Tún Ṣe

Nùréènì fi ẹ̀yìn èékánná kan ikùn pátákó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dẹtí sí i. Bó ṣe máa ń kan táńkì omi nìyẹn. Tí ohùn rẹ̀ bá kì, iṣẹ́ ti parí.

Ohùn rẹ̀ kì.

Táńkì fáíbà ló ń ṣe ní Dopemu látìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Kò tún pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun ṣe rí, àfi èyí. Rótìmí, ọmọ Tarkwa Bay létí òkun, ló gbé e wá nígbà tó ya. Kò ní òmíràn, ìdíje gígun ìgbì sì ń bọ̀ ní Sátidé.

Rótìmí gbé e. Ó tún gbé e kalẹ̀.

"Bàbá Ameenat, ìpele fáíbà mélòó lẹ lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Mẹ́ta. Kò lè ya mọ́ láyé."

"Kò ní ya lóòótọ́. Ẹja ni yóò máa gùn ún nísàlẹ̀ omi."

Nùréènì ò rẹ́rìn-ín. "Ohun tó máa gbé èèyàn lórí òkun, ṣé kò yẹ kó lágbára ni?"

"Ó yẹ, tó bá jẹ́ Ilashe là ń lọ. Ìgbì tibẹ̀ á kàn dìde, á wó lulẹ̀ létí iyanrìn. Ti ọ̀dọ̀ wa, òkúta tí wọ́n tò sínú òkun ló ń darí rẹ̀, ó máa ń sá lọ gbọọrọ. Pátákó tó wúwo ò lè bá a sáré. Ìgbì ńlá sì ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí atẹ́gùn tó dé wá bà á jẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Fóònù."

"Fóònù tí ò mọ ìgbà tí iná máa dé l'Ágége?"

Síbẹ̀, ó mú sáńpépà. Ó ha ìpele kan kúrò. Rótìmí gbé e wò, ó mirí. Ó ha ìkejì. Ojú ibi tó ti ya wá ń hàn fírífírí lábẹ́ èyí tó kù. Nùréènì kàn án. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́.

"Tó bá ya lójú omi ńkọ́?"

"Màá lúwẹ̀ẹ́ jáde, Bàbá."

Ní Sátidé, Nùréènì kírun àsùnbáà, ó sì wọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay. Kò débẹ̀ rí. Ẹ̀wù ìléfòó tí wọ́n fún un nínú ọkọ̀ ojú omi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lórí iyanrìn.

"Alhaji, ẹ bọ́ ọ, ilẹ̀ lẹ wà!" obìnrin kan ké sí i.

Kò bọ́ ọ.

Atẹ́gùn ò tíì dé. Ìgbì kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, Rótìmí sì dìde dúró lórí rẹ̀. Nùréènì ò wo ọmọ náà. Pátákó ló ń wò, títí ìgbì náà fi sáré dé etí iyanrìn, tó sì kú síbẹ̀.

Pátákó náà ò ya. Àwọn èèyàn hó. Rótìmí jáde nínú omi, ó gbé e sábíyá, ó ń wá Nùréènì kiri láàárín àwọn èèyàn.

Nùréènì ti mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ń lọ síbi ọkọ̀.